Itọ́ àti Ìtọ̀: Ìtọ́jú Eyín Àwọn Ọmọdé Alárùn Kíndìnrín ní Agbègbè Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà

Ìfáàrà

Ohùn nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín itọ́ tí ń bẹ lẹ́nu àti ìtọ̀ tí ń ti ara jáde. Àwọn tí ń kọ́ àjèjì ní èdè Yorùbá a máa fi méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ láti fi pàtàkì ohùn hàn, ẹ̀rín a sì máa pa kíláàsì nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Nínú ara ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àṣìpè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdọ̀tí tí ó yẹ kí ó bá ìtọ̀ lọ a máa dúró sínú ẹ̀jẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ti ń bọ́ sínú itọ́. Ẹnu ọmọ náà a wá di ojúde tí àìsàn inú ti ń fara hàn.

Pépà yìí ṣàlàyé bí àrùn kíndìnrín ṣe ń yí ẹnu ọmọdé padà, àti irú ìtọ́jú tí eyín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, pàápàá ní àwọn ìdílé tí ń gbé ní Ọ̀tà, ní Ṣàngó-Ọ̀tà àti ní àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ ti sọ di ìgboro láàárín ọ̀nà Ìdírókò àti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kì í ṣe eyín tí ó kẹ̀ ni ewu tí ó ga jù lọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, bí kò ṣe oògùn tí àgbà fi ń tọ́jú eyín náà láìbi ẹni tí ń tọ́jú kíndìnrín léèrè. Ó lè dà bí ẹni pé èrò yìí dojú ọ̀rọ̀ dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1990 àti ní ọdún 2008 ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́kọ́ yé ni. Kíndìnrín ni tèwe-tàgbà ń pe ẹ̀yà ara yìí lóde òní. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì láyé ìjọ́sí pè é ní iwe, orúkọ kan náà tí àwọn alásè ń pe iwe adìẹ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni iwe adìẹ ń lọ̀, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìtọ̀, nítorí náà kíndìnrín ni a óò máa lò níhìn-ín. Èrìgì ni a óò máa pe ẹran ara tí eyín fìdí múlẹ̀ sí. Ní ti dídà ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè kúrò, ìfọ̀jẹ̀ ni orúkọ tí ó rọrùn jù fún un.

Bí àìsàn kíndìnrín ṣe ń dé ẹnu

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ kíndìnrín ni sísẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ṣíṣe ìtọ̀. Ó tún ní àwọn iṣẹ́ mìíràn tí kò hàn sójú. Òun ni ó ń sọ fítámì Dì di èyí tí ara lè lò láti fi gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ. Òun ni ó ń pèsè èròjà tí ń rán mùdùnmúdùn inú eegun níṣẹ́ pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Òun náà ni ó ń díwọ̀n omi àti iyọ̀ inú ara, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ru. Nígbà tí ó bá kọṣẹ́, kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò ní àmì tirẹ̀ lẹ́nu. Èrìgì a ṣì, a funfun bí ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹnu a gbẹ, nítorí pé òṣùwọ̀n ni a fi ń fún ọmọ náà ní omi mu. Egungun àgbọ̀n a máa rọ̀, eyín a sì lè máa mì nínú rẹ̀.

Èyí tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìbòrí funfun tí ó bo eyín lóde. Eegun tí ó ṣẹ́ a máa so, awọ tí ó bó a máa padà, ṣùgbọ́n ara kò lè tún ìbòrí eyín mọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ ọ́n kì í sí mọ́ nígbà tí eyín bá ti hù. Láti ìgbà tí a bá ti bí ọmọ ni ìbòrí àwọn eyín àgbà ti ń mọ nínú àgbọ̀n, ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó hù. Ti àwọn eyín iwájú àti ti eyín ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ní ń ṣáájú. Ti àwọn yòókù ń bá a lọ títí di nǹkan bí ọdún kẹjọ, bí a bá yọ eyín ọgbọ́n sẹ́yìn. Bí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ bá dàrú ní àkókò yìí, apá tí ń mọ lọ́wọ́ nígbà náà yóò ní ihò wẹ́wẹ́, tàbí kí ó fẹ́lẹ́, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ìkún-omi ṣe ń fi ilà sára ògiri ilé kí ó tó fà, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ń kọ ọjọ́ tí ó dé sára eyín. Oníṣègùn eyín tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè wo ibi tí ilà náà wà kí ó sì mọ̀ bóyá ọmọ ọdún kan ni aláìsàn náà tàbí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ohun tí ìyá ń rí yàtọ̀ sí èyí. Eyín tí ó pọ́n, tí ó sì rí gbágungbàgun ni ó ń rí, òun a sì gbà pé ọmọ kò fọnu dáadáa. Funfun niyì eyín ni Yorùbá ń wí. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà nílé ìwé kò sì ní ṣàì sọ ọ́ sí i létí. Nítorí èyí ni a fi ń rí ọmọ tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì líle, eérú tàbí èédú lọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tí ìbòrí tí ó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ sì ń tán lọ. Àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún láti ẹnu nọ́ọ̀sì ì bá gba ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti itọ́, ìdọ̀tí tí a ń pè ní urea ni ó ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹnu a máa sọ ọ́ di ammonia, òórùn ẹnu ọmọ a sì dà bí ti ìtọ̀ tí ó ti sùn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni ó ti fi hàn pé kòkòrò eyín kì í pọ̀ lẹ́nu ọmọ alárùn kíndìnrín tó bí ó ṣe ń pọ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kíkan tí ṣúgà ń fà ní ń jẹ eyín, ammonia a sì máa pa kíkan náà. Ẹ̀bùn tí ó ti inú àìsàn wá ni, kò sì wá lásán: ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ eyín a máa yára le bí òkúta lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èrìgì a wú, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jáde níbẹ̀. Bí ọmọ bá sì rí kíndìnrín mìíràn gbà, urea inú itọ́ rẹ̀ yóò wálẹ̀, ààbò náà yóò sì lọ. Bí kò bá ti mọ bí a ṣe ń fọnu dáadáa kí ọjọ́ náà tó dé, eyín tí kò dùn ún rí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Oògùn àìsàn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú. Cyclosporine tí a fi ń dáàbò bo kíndìnrín tí a pààrọ̀, àti nifedipine tí a fi ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú, lè mú kí èrìgì máa dàgbà bo eyín mọ́lẹ̀. Prednisolone, tí ó jẹ́ oògùn àkọ́kọ́ fún ọmọ tí purotéènì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wú, a máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Èfù funfun a hù sórí ahọ́n, egbò kékeré a pẹ́ kí ó tó jinná, eyín tí ó ní ọyún lè tú ọyún náà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún wà nínú ìwà àìsàn tí a ń sọ yìí pé àkóràn ibòmíràn nínú ara lè jí i padà lẹ́yìn tí ó ti lọ. Ọmọ tí wíwú rẹ̀ ti fà lè tún wú nítorí eyín tí ó ní ọyún. Èyí nìkan ti tó láti sọ eyín di ara iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú kíndìnrín.

Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1963 ni Gilles àti Hendrickse tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ Ìbàdàn jáde, tí wọ́n fi hàn pé ibà tí ń padà dé ní ọjọ́ kẹta-kẹta wà lára ohun tí ń ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́ nígbà náà. Ibà náà ti dínkù gidigidi nínú ohun tí à ń rí lónìí. Ohun tí ó kù kò kéré: àkóràn ọ̀nà ọ̀fun àti ti awọ ara tí a kò tọ́jú, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, awọ tí ó dí ọ̀nà ìtọ̀ ọmọkùnrin láti inú oyún, àti májèlé.

Eyín tí ń hù, àti oògùn rẹ̀

Ọ̀rọ̀ májèlé ni ó gbé eyín àti kíndìnrín pàdé ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà ni ọmọ ti ń hu eyín, títí di nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni ààbò tí ó bá ọmọ wá láti ara ìyá rẹ̀ ń tán lọ, tí ọmọ ń rá, tí ó sì ń fi gbogbo ohun tí ó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Kò sí bí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru kò ṣe ní pọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí eyín tilẹ̀ ń hù tàbí kò hù. Ṣùgbọ́n eyín ni a rí, a kò rí kòkòrò àìsàn. Eyín ni ó sì ń gba ẹ̀bi. “Eyín ló ń bọ̀” ni ìdáhùn tí ìyá ọmọ máa ń rí gbà lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀, lẹ́nu aládùúgbò, àti lẹ́nu ẹni tí ń ta oògùn. Láti inú ìdáhùn yìí ni ọjà oògùn eyín ọmọ-ọwọ́ ti jáde.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọ-ọwọ́ àti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Zaria. Wọ́n ń bì, ara wọn gbóná, lẹ́yìn náà wọn kò tọ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn oníṣègùn bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ, orúkọ kan ni ó ń jáde lẹ́nu ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: My Pikin, oògùn olómi dídùn tí ilé-iṣẹ́ Barewa Pharmaceuticals ṣe ní Èkó fún ọmọ tí ń hu eyín. Àyẹ̀wò fi hàn pé diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, iye ọmọ tí ìjọba kéde pé ó ti kú jẹ́ 84. Púpọ̀ nínú wọn ni ara wọn le kí wọ́n tó mu ún. Ohun tí ó ṣe wọ́n kò ju ibà díẹ̀ àti ẹkún òru lọ.

Bí májèlé náà ṣe wọ inú ìgò rọrùn láti ṣàlàyé. Paracetamol kì í yòrò dáadáa nínú omi lásán. Àwọn tí ń ṣe é fún ọmọdé a máa lo propylene glycol tàbí glycerine láti fi yòrò ó. Diethylene glycol jọ wọ́n: ó mọ́ gaara, ó ki, ó dùn lẹ́nu, owó rẹ̀ sì kéré. Inú omi tí a ń fi tu ẹ́ńjìnnì lójú àti inú èròjà ilé-iṣẹ́ ni ipò rẹ̀ wà. Bí oníṣòwò bá pààrọ̀ rẹ̀ nínú àgbá, tí ilé-iṣẹ́ kò sì yẹ àgbá náà wò, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Nínú ara, ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọ́ di kíkan kan tí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kíndìnrín, ìtọ̀ a sì dáwọ́ dúró. Ìwé òfin ìṣe-oògùn kò gbà kí ó ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nínú propylene glycol tàbí glycerine tí a óò fi ṣe oògùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1990, paracetamol olómi tí a fi diethylene glycol ṣe pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ọmọ 47 ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Jos nìkan ṣàkọsílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ pẹ̀lú Òfin 15 ti ọdún 1993. Ní Amẹ́ríkà, májèlé yìí kan náà ni ó pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ọdún 1937, tí òfin oògùn tuntun fi jáde níbẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà ní ọdún 2022, nǹkan bí 70 ọmọ ni ó kú nítorí oògùn ikọ́ tí ó wá láti Íńdíà. Ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni ó wà láàárín ti Amẹ́ríkà àti ti Gáḿbíà, májèlé kan náà, àṣìṣe kan náà. Ní ti ọ̀ràn 2008, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá ilé-iṣẹ́ náà àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bi ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje-méje ni a fi àwọn òṣìṣẹ́ náà sí.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ni pé, bí oògùn náà bá tilẹ̀ mọ́, ṣé ó yẹ kí ọmọ mu ún? Eyín tí ń hù kì í ṣe àìsàn. Èrìgì lè wú díẹ̀, itọ́ lè máa dà, ọmọ lè máa sunkún. Ìka tí a fọ̀ mọ́ tí a fi ń ra èrìgì, tàbí aṣọ tútù tí ó mọ́ tí ọmọ lè máa gé jẹ, ti tó. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, ohun mìíràn ni ó ń ṣe é, ilé ìwòsàn sì ni ibi tí a ti lè wá ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kan ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ti ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ìtọ́jú ń fẹ́

Fún ọmọ alárùn kíndìnrín tí eyín ń dùn, ohun àkọ́kọ́ tí ilé máa ń ṣe ni kí wọ́n ra oògùn ìrora. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin, tí wọ́n wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, a máa dín ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lọ sí kíndìnrín kù. Kíndìnrín tí ó ti ń tiro lè ti ibẹ̀ kọṣẹ́ pátápátá. Paracetamol tí a ra níbi tí ó dájú, ní ìwọ̀n tí oníṣègùn sọ, ni ó sàn jù. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń gún fún eyín tí ó wú ń ba kíndìnrín jẹ́ tààrà. Tetracycline, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kápúsù aláwọ̀ méjì, burú lẹ́ẹ̀mejì: ó ń mú kí ìdọ̀tí pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ alárùn kíndìnrín, ó sì ń fi àwọ̀ tí kò ṣeé fọ̀ sára eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Amoxicillin ṣeé lò, ṣùgbọ́n a ní láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù bí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ lidocaine tí oníṣègùn eyín fi ń mú ojú ibẹ̀ kú kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Àgbo náà wà níbẹ̀. Kò tọ̀nà láti fi ọwọ́ kan gbá gbogbo egbòogi dànù, nítorí pé pákò ìjẹ̀bú àti orín àtá ti fọ eyín Yorùbá kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé, ọmọ tí ó ti gbọ́n tó láti rún un lè máa lò ó bí èrìgì rẹ̀ kò bá wú. Ohun tí a ń rún tí a sì ń tu dànù yàtọ̀ sí ohun tí a ń gbé mì. Àgbo eyín tí a fi káún sè ń kó iyọ̀ wọ ara ọmọ tí a ti ní kí ó yẹra fún iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì ru. Èyí tí a kò mọ ewé inú rẹ̀ kò ṣeé díwọ̀n rárá. Omi oníyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣeé fi yọ ẹnu, bí ọmọ bá lè tu ú dànù tán.

Bí eyín bá ní láti yọ, ọjọ́ tí a óò yọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ alárùn kíndìnrín kì í tètè dì, nítorí pé urea ń dí àwọn èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, a máa ń fi heparin sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìfọ̀jẹ̀ kí ó má baà dì nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ìfọ̀jẹ̀ ni ó dára jù: heparin ti kúrò, ìdọ̀tí kò sì tíì padà pọ̀. Apá tí a ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé so okùn ìwọ̀n-ìfúnpá mọ́, kò sì ṣeé gún lábẹ́rẹ́. Ọmọ tí ó ti ń lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń lọ yọ eyín, dókítà sì lè ní kí ó lò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí oníṣègùn eyín lè mọ̀ bí kò bá ní ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú kíndìnrín.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò le. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì dára, àmọ́ kíndìnrín ni ó ń lé fúlóráìdì jáde lára, nítorí náà ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan sì ni ti ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Kí ọmọ sì tu ú. Ọ̀rọ̀ ṣúgà le díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣètò oúnjẹ ọmọ wọ̀nyí lè ní kí wọ́n jẹ ohun dídùn láti fi rí agbára, oògùn wọn náà sì sábà máa ń jẹ́ olómi dídùn tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó sùn. Omi díẹ̀ tí a fi yọ ẹnu lẹ́yìn oògùn, tí a sì tu dànù, kò ní ba òṣùwọ̀n omi wọn jẹ́. Kí ọmọ tó wọ yàrá iṣẹ́-abẹ láti gba kíndìnrín mìíràn, gbogbo eyín tí ó ní ọyún ni a ní láti ti tọ́jú tàbí yọ, nítorí pé oògùn tí yóò lò lẹ́yìn náà kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ lè jà.

Ní Ọ̀tà

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń rọ́ wá láti ibi gbogbo, nítorí pé iṣẹ́ wà, ilẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Èkó. Ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ṣíṣẹ́pàrọ̀, tọ̀sán-tòru. Òbí tí ó ti òru ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ kò ní kọ́kọ́ ronú àtiwọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà nítorí eyín. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ni yóò yà sí. Ẹni tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni oníṣègùn àkọ́kọ́ fún àdúgbò, yálà ó kọ́ṣẹ́ tàbí kò kọ́ ọ. Bí a bá fẹ́ kí ẹnìkan mọ̀ pé ibuprofen kò yẹ ọmọ tí ojú rẹ̀ ń wú, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ṣáájú ọ̀jọ̀gbọ́n èyíkéyìí.

Ó jẹ́ ohun àkíyèsí pé Ṣàngó-Ọ̀tà fúnra rẹ̀ wà lára ibi tí a ti ń ṣe oògùn ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Fidson àti ti Drugfield wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta níbẹ̀. Èkó ni a ti ṣe oògùn 2008, kì í ṣe Ọ̀tà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń yẹ àgbá wò ní ilé-iṣẹ́ oògùn Ọ̀tà mọ ohun tí ìyá ọmọ tí ń gbé ní ìkejì ilé rẹ̀ kò mọ̀. Ìmọ̀ náà wà ní ìlú, kò kàn jáde láti ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ bọ́ sí àdúgbò ni. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí ẹni tí ó ra oògùn lè họ ara páálí rẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà tí ó bá rí ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ètò náà dára ní ti ayédèrú. Àmọ́ ó tọ́ kí a rántí pé My Pikin kì í ṣe ayédèrú ní ìtumọ̀ yẹn: ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò náà ni ó ṣe é. Fóònù kò lè mọ ohun tí ó wà nínú àgbá.

Fún ìtọ́jú tí ó jinlẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún ará Ọ̀tà. Ọ̀kan lọ sí Èkó, sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ẹ̀ka eyín àti ẹ̀ka ọmọdé ti wà nínú ọgbà kan náà. Èkejì lọ sí Abẹ́òkúta, sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Àbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. LUTH àti ti Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún ẹni tí ó ní láti fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìdílé tí ń ná owó báyìí kò ní ka eyín sí nǹkan títí yóò fi wú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa yẹ ẹnu ọmọ wò ní ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ gan-an, lórí ibùsùn tí ó wà, kí a má fi ọjọ́ mìíràn kún ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀. Wíwò lásán ni èyí o. Yíyọ a dúró di ọjọ́ kejì.

Ohun tí ó ń já sílẹ̀ láàárín ilé ìwòsàn méjì ni àkọsílẹ̀. Fáìlì ọmọ ní Ìkẹjà kì í bá a dé Ọ̀tà, ti Ọ̀tà kì í sì í bá a dé Ìkẹjà. Ìwé kékeré kan tí ìyá lè máa gbé kiri yóò dí àlàfo náà: orúkọ àìsàn, oògùn tí ọmọ ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀, apá tí a kò gbọdọ̀ gún, àti ní ojú ewé àkọ́kọ́, ní lẹ́tà ńlá tí ẹni tí ó wà nídìí káńtà kẹ́míìsì lè kà láìwọ awò, orúkọ àwọn oògùn ìrora tí ọmọ náà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Dókítà kíndìnrín, dókítà eyín àti nọ́ọ̀sì ìlú ni yóò máa kọ sínú rẹ̀, lọ́wọ́ kan náà, nínú ìwé kan náà.